Àdàpè Olè: Èdè Yorùbá àti Àríyànjiyàn lórí Ẹ̀kọ́ Ìbálòpọ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Agbègbè Magodo àti Kétu

Ìfáárà

Àdàpè olè ní í jẹ́ "ọmọ ń fẹ́wọ́". Òwe yìí fi hàn pé Yorùbá mọ iṣẹ́ méjì tí àdàpè ń ṣe: ó ń fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ tí etí kò fẹ́ gbọ́, ó sì tún lè bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì ti máa ń forí gbárí jù lọ. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti yẹ àríyànjiyàn tó wà lórí bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe yẹ kí ó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ wò, àti láti fi hàn pé olùkọ́ èdè Yorùbá ní ipa tirẹ̀ tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò lè bá a kó. Magodo àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìtàn Àríyànjiyàn Náà

Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ tó ga jù lọ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní 2001, àjọ NERDC gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ náà jáde. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti òbí kan ní orúkọ rẹ̀ lásán ti tó láti ba ọmọ jẹ́. Ní 2003, ìjọba yí orúkọ náà padà sí Ẹ̀kọ́ nípa Ìgbé-ayé Ẹbí àti HIV. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti rọ́bà ìdáàbòbò kúrò, wọ́n sì tẹnu mọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Bí a bá wò ó dáadáa, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó sá sábẹ́ àdàpè kí ẹ̀kọ́ náà tó lè wọ kíláàsì. Orúkọ tuntun yìí ni Ìpínlẹ̀ Èkó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ti ìjọba láti 2003, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Action Health Incorporated, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1989.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àríyànjiyàn náà tún rú yọ. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún òbí àti ilé ẹ̀sìn.

Ilé Dà?

Èrò àwọn tó kọ ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òbí ni ó mọ ọmọ rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ ni pé irú ilé wo ni wọ́n ní lọ́kàn. Agboolé ni ilé tí ó ń kọ́ ọmọ láyé àtijọ́. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àlọ́ wà lálẹ́, ojú púpọ̀ sì wà lára ọmọ. Ní Magodo lónìí, ògiri gíga ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ti lè jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀, awakọ̀ àti olùkọ́ àkọ́ṣẹ́yìn ni ó kù pẹ̀lú ọmọ. Ní Kétu àti Máìlì 12, ìyá ti wà lọ́jà láti ìdájí. Inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni ọmọ wà, bí kò bá sí lójú pópó tó ń kiri ọjà. Owó ya àdúgbò méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àgbà kò sí nílé ní méjèèjì.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀kọ́ agboolé pàápàá ní àléébù. Àṣà ìbálé gbé gbogbo ẹrù lé ọmọbìnrin lórí. Kò bi ọmọkùnrin ní ìbéèrè kan. Ọ̀pọ̀ ìyá sì sọ fún ọmọ wọn pé, "Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, o ó lóyún." Irọ́ náà ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ọkùnrin fọwọ́ kàn án tí kò sì lóyún. Láti ọjọ́ náà, òótọ́ tí ìyá bá sọ kò ní wọ ọmọ létí mọ́.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ náà yóò la ojú ọmọ sí ohun tí kò mọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí UNESCO tún ṣe ní 2018 gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Ó ṣe tán, fóònù ti la ojú ọ̀pọ̀ ọmọ kí olùkọ́ tó dé.

Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Kò Ní

Ìpele mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú èdè Yorùbá. Èkíní ni orúkọ gan-an, bí okó àti òbò, tí ìlò ìgboro ti sọ di èébú àti ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá. Èkejì ni àdàpè: "ìdí", "nǹkan ẹ̀", "ṣeré", "bá sùn". Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ tí kò sì bu ẹnikẹ́ni kù: ojú ara, bàlágà, nǹkan oṣù, àtọ̀, ilé ọmọ, ìbálòpọ̀, ìfipábánilòpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́ èkíní lójú pópó, wọ́n ń gbọ́ èkejì nílé. Ẹ̀kẹta ni wọn kì í bá pàdé.

Ewu tó wà nínú èyí kì í ṣe kékeré. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá sọ fún olùkọ́ pé, "Anti, bọ́ọ̀dá yẹn máa ń bá mi ṣeré," àgbà yóò gbọ́ eré, yóò sì rán an padà sí ìjókòó rẹ̀. Ọmọ náà ti fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n èdè tí a fún un kò gbé ẹjọ́ náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì dáàbò bò ó. Mirabel Centre ti wà ní Ìkẹjà láti 2013 fún ìtọ́jú àwọn tí a fipá bá lò pọ̀. Ìjọba Èkó sì dá àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀ sílẹ̀ nípa òfin ní 2021. Síbẹ̀, òfin àti ilé ìtọ́jú kò lè ran ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Òfin tí Èkó ṣe ní 2018 sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Nítorí náà, olùkọ́ Yorùbá yẹ kí ó wà ní Magodo bí ó ṣe wà ní Kétu. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀:

(i) Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ojú ara kún ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, láìrẹ́rìn-ín, kí ó sì kọ́ ọmọ láti sọ pé, "Mi ò fẹ́," kí ó sì lọ sọ fún àgbà.

(ii) Ní girama kékeré, kí ó kọ́ tọkùnrin tobìnrin pa pọ̀ nípa ìbàlágà àti nǹkan oṣù, kí ó lè yé ọmọkùnrin pé kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́.

(iii) Ní girama àgbà, kí ó fi ẹ̀kọ́ àdàpè ṣe ìtúpalẹ̀: kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń bò, ta ni ó sì ń gbè?

(iv) Kí àpótí ìbéèrè wà ní kíláàsì, tí ọmọ lè fi ìwé sí láìkọ orúkọ. Kò gbọdọ̀ ní kí ọmọ ro ìtàn ara rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́.

(v) Bí ọmọ bá fẹjọ́ sùn, kí ó bi í pé, "Báwo ni ó ṣe ṣe é?" kí ó sì dákẹ́ gbọ́. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

(vi) Kí ó pe òbí sí ìpàdé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tí yóò lò hàn wọ́n. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Máìlì 12 lè má lóye ìwé sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n yóò lóye Yorùbá tí ó mọ́.

Ìgúnlẹ̀

Àríyànjiyàn lórí ilé tàbí ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa lọ, ìjọba yóò sì tún máa yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n ilé kò lè kọ́ni láìsí ọ̀rọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá kò lè ṣe é. Àṣà ìbọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kò ní kí ọmọ yadi. Ọ̀rọ̀ tó tọ́, tó sì mọ́, wà nínú èdè náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí ọjọ́ tí yóò nílò rẹ̀ tó dé.