Ẹ Kọ́kọ́ Rin Ilẹ̀ Náà Yí Ká

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ ní ìpàdé yín lálẹ́ àná. Ohùn yín dé ìdí ààrò níbi tí mo ti ń yan gàrí. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú yín wí pé ẹni tó bá tún gbé bọ́ọ̀nù wọ ilẹ̀ wa, àdá ni òun yóò fi dá a lóhùn. Mo sì gbọ́ àtẹ́wọ́ tí ẹ pa fún un. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ká yín lára. Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn mọ́jú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ dúró gbọ́ mi kí ẹ tó tú ká lọ sóko.

Mo ti lọ wo bọ́ọ̀nù náà fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Òpó sìmẹ́ńtì kékeré kan ni, irú èyí tí wọ́n fi ń sàmì ààlà ilẹ̀, kò ga dé orúnkún mi, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan sí i lórí. Àárín ebè pákí mi ni wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ sí. Pákí tí wọ́n hú dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò tíì tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, oje funfun ṣì ń jáde lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi, kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló gbìn ín.

N kò bá ilé jà o. Ènìyàn ń pọ̀ sí i. Láti 2016 tí Pobẹ̀ ti di olú ìlú ẹkùn Plateau, àwọn tó ń wá yàrá níbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ìjọba ń kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sí Ouèdo lẹ́bàá Abomey-Calavi, àwọn ọmọ tiwa náà tó wà ní Kútọnu ń wá irú rẹ̀ gbé. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé, bí wọ́n bá pín gbogbo ilẹ̀ yìí sí pásẹ́ẹ̀lì, níbo ni àwọn ìyàwó ilé yìí yóò ti máa wú pákí tí wọn yóò yan ní gàrí? Ọ̀nà odò ńkọ́? Ibojì ìyá ọkọ mi tó wà lábẹ́ ìrókò, inú ìyẹ̀wù ta ni yóò bọ́ sí?

Ìtàn kan wà tí n kì í fẹ́ sọ. Ẹ̀yìn ni mo ṣì ń pọn àbígbẹ̀yìn mi sí nígbà náà. Ilẹ̀ ìdílé ọkọ mi kan wà létí títì tó lọ láti Ṣakẹ́tẹ́ sí Pobẹ̀, ọ̀pẹ ló kún ibẹ̀. Àwa obìnrin ilé la ń ṣa ẹyìn rẹ̀, àwa la ń fún epo. Mo ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá katapílà lórí ilẹ̀ náà. Àwọn ọ̀pẹ ti wà nílẹ̀ gbalaja, ẹyìn pupa fọ́n káàkiri inú iyẹ̀pẹ̀ pupa títí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A figbe ta. Àwọn ọkùnrin yọ àdá, wọ́n gbé kùmọ̀, wọ́n lé awakọ̀ náà wọgbó. Lọ́jọ́ kejì, jàndámù dé, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́rin lọ. Nígbà tí a dé iwájú adájọ́, ilé iṣẹ́ tó ra ilẹ̀ náà mú ìwé jáde. Àtẹ̀ka mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà, a sì mọ ẹni tó ni ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan nínú wọn jókòó ti ọkọ mi lọ́jọ́ tí ọ̀pẹ wó, ó ń bá wa sunkún.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tí ẹ fẹ́ fi àdá dè lójú títì, ẹ̀yìnkùlé wa ló máa ń gbà wọlé, ọmọ wa ló sì máa ń mú un lọ́wọ́ dání. Ìbínú yín kò kan ibẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan sí mẹ́rì, kí ẹ tó dúró lójú títì, ẹ kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà yí ká.

Kí gbogbo ilé tó ní oko níbẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pèrègún tó wà níbi tí ilẹ̀ wa ti pàdé ti àwọn ará ẹ̀yìn odò. Baba ọkọ mi ló gbìn ín. Igi kan ṣoṣo ni nígbà tí mo wọlé ọkọ, ó ti wá di ìṣù igbó báyìí. Púpọ̀ nínú yín ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ẹ kò mọ̀ pé ààlà ni. Ẹ pe àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà, kí wọ́n wí tẹnu wọn níbẹ̀, nítorí ààlà tí aládùúgbò kò bá jẹ́rìí sí, ìtàn lásán ni lójú adájọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù tó ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí, ẹ lò ó ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé.

Ẹ má fi àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa láì jẹ́ ọmọ ilé sílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san fún wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi tí yóò pa wá yóò pa àwọn náà. Bí ẹ bá yọ wọ́n sẹ́yìn, àwọn ni ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá lálẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó ní oko níbẹ̀, ẹ kọ ti obìnrin pẹ̀lú. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín fẹ́ wí, pé obìnrin kì í jogún ilẹ̀ nílẹ̀ wa. Òfin ẹbí tí orílẹ̀-èdè wa gbé jáde ní 2004 ti ní ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin jọ ń jogún ni. N kò fi òfin bá baálé kankan jà. Ohun tí mo fojú mi rí ni mò ń sọ. Lọ́dún tí wọ́n wó ọ̀pẹ wa yẹn, bó bá ṣe pé wọ́n pe àwa obìnrin sí ìpàdé kan péré, àṣírí ìbá ti tú, nítorí ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ka sí ìwé náà ti rí owó ilẹ̀ náà lábẹ́ ẹní. Ó ń wá ẹni tí yóò bi òun. Kò sẹ́ni tó bi í.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rìn tán ni ọ̀rọ̀ ìwé yóò tó kàn. Òfin ilẹ̀ wà, ó jáde ní oṣù Kẹjọ 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Òfin yẹn ní kí ìgbìmọ̀ kan wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun ni àwọn aláṣẹ ń pè ní SVGF. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dẹlẹgé, olórí abúlé wa, pé àwọn wo ló wà níbẹ̀ ní abúlé wa, kí ẹ sì lọ jókòó níbẹ̀. Ìwé kan tún wà tó ń fi hàn pé ilẹ̀ àjogúnbá ni ilẹ̀ kan, wọ́n ń pè é ní attestation de détention coutumière. Kò lágbára tó titre foncier, ìwé tó ń fìdí ẹni tó ni ilẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní in lọ́wọ́ kì í ṣe aláìníwèé níwájú adájọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba titre foncier lórí ilẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde wá. Ìkéde yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Tí ẹ bá jẹ́ kó kọjá lórí yín, kò sí ariwo tó lè dá a padà.

Bó bá sì jẹ́ pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lo ilẹ̀ náà fún ire gbogbo ènìyàn, ìwé òfin àgbà tí a dìbò fún ní 1990 sọ pé owó tó tọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tó nilẹ̀ kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: owó ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Synergie Paysanne ti wà láti 2002, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń bá kiri. Ẹ wá wọn lọ. Ojú kì í ti ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan ní Èkó ti gbọ́ nípa Otodo Gbame. Àwọn Ẹ̀gùn apẹja ló ń gbé etí ọ̀sà yẹn ní Lẹ́kí, èdè wọn ni èdè tí ẹ ń gbọ́ ní ọjà Àjàṣẹ́. Wọ́n tó nǹkan bí 30,000. Ní ìparí 2016, ìjọba Èkó ní òun yóò wó gbogbo ilé pákó etí omi. Àwọn ènìyàn yẹn kó ara wọn jọ, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé wọn. Síbẹ̀, nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, iná àti katapílà jọ dé. Wọ́n tún padà dé ní oṣù Kẹta 2017. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, kò sí ilé kan lórí ìdúró mọ́, ìbọn sì ti pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ní 21 oṣù Kẹfà 2017 ni adájọ́ dájọ́ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Ẹjọ́ jẹ́ tiwọn, ibùgbé wọn sì ti lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnìkan lè ní òfin kò wúlò nígbà náà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Otodo Gbame sá lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìwólé fún wọn. Àwa ṣì ní àyè. Bọ́ọ̀nù nìkan ló tíì dé ọ̀dọ̀ wa, katapílà kò tíì dé. Àyè tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ lò, kí ẹ má fi í mu sódàbì kí ẹ máa fi halẹ̀.

Ẹ ó ní ìran akọni ni wá. Ní 1905, Ṣakẹ́tẹ́ dìde sí Faransé. Ní 1914, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde, ilẹ̀ dúdú alámọ̀ wọn tó ń rì mọ́ni lẹ́sẹ̀ nígbà òjò sì bá wọn jagun. N kò ní kí ẹ gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kò ní ilé ẹjọ́ tí wọn yóò gbà lọ, wọn kò ní olórí tí wọ́n fi ìbò yàn, ẹni tí wọ́n lè sọ fún pé àwọn kò ní dìbò fún un mọ́. Ẹ̀yin ní méjèèjì. Nígbà tí àwọn Faransé la ojú irin dé Pobẹ̀, tí wọ́n dá ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1922, ta ni nínú àwọn bàbá wa ló lè ka ìwé tó wà lọ́wọ́ òyìnbó? Nínú yín, ẹni mélòó ni kò lè kà á?

Ó ku ohun kan tó ṣòro. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú ilé yìí ti gba owó. Ẹ má lé e, ẹ má sun ilé rẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀ ní gbangba ọjà. Ẹ pè é wá rìn pẹ̀lú yín. Kí ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá rẹ̀ kọjá lójú gbogbo ẹbí, kí ó sọ ibi tí ilẹ̀ tí òun tà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bó bá sọ ọ́, a ó mọ ohun tó kù. Bó bá ní òun yóò dá owó padà, kí ilé kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ sí i, èmi yóò mú owó gàrí mi wá.

Lọ́la, kí oòrùn tó mú, ẹ wá mú mi. Ẹsẹ̀ mi kò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè fi ọ̀pá dé ìdí pèrègún náà. Kí ẹni tó mọ̀wé kọ jù nínú yín dúró tì mí pẹ̀lú káyé àti bíìkì. Bí a ṣe ń lọ, n ó máa dárúkọ ẹni tó gbin ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan.