Kí O Tó San Owó Kọ̀ǹtéénà

Garki, Àbújá
Oṣù Kejìlá, 2025

Àkànbí ọmọ mi,

Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ pé o ń bọ̀ wálé. N kò ní bá ọ jà lórí ìyẹn lónìí. Ìjà mìíràn ni mo gbé wá.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ fún mi ní kí n má dárúkọ òun, o kò sì gbọdọ̀ lọ máa wádìí ẹni náà nínú ilé. Ó ní kọ̀ǹpútà àlòkù ti kún gáréèjì rẹ débi pé ìta ni ọkọ̀ rẹ ń sùn. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Houston níbẹ̀ ń kó wọn fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, o sì ti fẹ́ yá owó ní báńkì láti fi san owó kọ̀ǹtéénà wá sí Àpápá, kí àwọn míṣọ́nnárì tó wà láwọn abúlé Gbàgyì lè fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi tí mo ń gbé Garki láti ìgbà tí ìjọba ti kó wa kúrò l'Ékòó, tí n kò ní ju ọkọ̀ kan wọ̀ dé Area 10 níbi tí àwọn atẹ̀wé àti àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti kún inú ilé ìtajà UTC, èmi ni o kò bi léèrè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àlòkù la fẹ́ sọ yìí, jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀.

N kò sọ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ burú. Láti 2015 ni JAMB ti fi ìdánwò orí ìwé sílẹ̀ pátápátá. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń ṣe é. Bwari níbí ni olú ilé iṣẹ́ JAMB wà. Síbẹ̀ mo mọ àwọn ọmọ abúlé tó yí wa ká, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. Ọmọ tó mọ ìdáhùn máa ń kùnà torí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ẹ̀rọ. Míṣọ́nnárì tó ń gbé láàárín wọn pẹ̀lú nílò ibi tí yóò ti tẹ ìwé ẹ̀kọ́, tí yóò ti kọ ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Bí ìwọ bá fẹ́ ṣe é, Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn, èmi náà yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Ọ̀nà tí o fẹ́ gbà ṣe é ni mi ò fẹ́.

Mo mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi ń fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yìí. Ọmọkùnrin tó ń tún tèmi ṣe ní Area 10 ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìrànwọ́ dúró lórí Windows 10, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2018. Ẹ̀rọ tó ṣì lágbára ni wọ́n ń kó sóde lọ́hùn-ún. Àǹfààní nìyẹn fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, torí pé Linux Mint, tó lè rọ́pò Windows, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan yóò kó èyí tó dára pọ̀ mọ́ èyí tó ti kú, yóò sì san owó ọkọ̀ ojú omi lórí méjèèjì.

Má rò pé ìwọ lẹni àkọ́kọ́. Ní 2005, àwọn ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà, tó ń ṣọ́ pàǹtírí ẹ̀rọ, wá sí Èkó, wọ́n sì rí i pé bíi 500 kọ̀ǹtéénà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣù kan. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fúnra wọn sọ fún wọn pé èyí tí kò wúlò lè tó 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2015 àti 2016, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí pàǹtírí eléwu tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn dúró sí èbúté, wọ́n ń yẹ ẹrù wò. Ẹrù ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kan tó 60,000 tọ́ọ̀nù, èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá kò dín ní 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí ààtàn ni àwọn yẹn parí sí, àwọn ọmọ sì ń sun wáyà wọn láti yọ kọ́pà, wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ṣé orúkọ Jésù ni o fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹrù bẹ́ẹ̀? Láti 2011 sì ni NESREA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àyíká, ti ní òfin lórí ẹ̀rọ àlòkù. Bí kọ̀ǹtéénà rẹ bá há sí Àpápá, ojoojúmọ́ ni gbèsè rẹ yóò máa ga.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. O mọ̀ pé èmi ni akápò ẹgbẹ́ míṣọ̀n ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà kan. Àwọn ará kan ní Amẹ́ríkà kó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wa, àwọn àtijọ́ tí ojú wọn gùn sẹ́yìn. A gbàdúrà lé wọn lórí, a ya fọ́tò. Nígbà tí a ki èyí àkọ́kọ́ bọ iná, ó dún gbàà, èéfín bo yàrá. Iná Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì iná tiwa. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà tó yẹ kí a yí láti 115 sí 230, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Ọmọkùnrin Gbàgyì kan, ọmọ abúlé Garki níbí gan-an, tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnjinníà kan, ló bá wa yí ti àwọn tó kù.

Àkànbí, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn ni yóò wá. Bí ọ̀kan kò bá tàn, yóò tú u, yóò yọ RAM rẹ̀, yóò fi ìrésà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò nu ẹnu rẹ̀, yóò dá a padà, kọ̀ǹpútà náà á sì jí. Bí aago ọ̀kan bá ń padà sẹ́yìn, ó mọ̀ pé bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló kú, yóò sì ra òmíràn láti inú àpò ara rẹ̀. Nígbà tí a pín àwọn ẹ̀rọ náà sí àwọn abúlé, ó wá bá ìgbìmọ̀. Ó ní kí a máa fún òun lówó díẹ̀ lóṣooṣù, kí òun lè máa wọkọ̀ lọ bojú tó wọn. Alága ní iṣẹ́ Olúwa ni, èrè rẹ̀ wà lọ́run.

Owó wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ fèrèsé àti àga tuntun ni wọ́n ní kí n fi rà. Mo dákẹ́, torí pé èmi nìkan ni obìnrin tó jókòó níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo ń bá alága jiyàn. Ọmọ náà kò bínú, kò sọ̀rọ̀ wa láìdáa, ó kàn ṣíwọ́ wíwá ni. Ọdún kejì kò tíì parí tí èyí tó ń tàn nínú wọn kò fi tó ìdajì mọ́. Nígbà tó yá, inú yàrá tí a ti kọ́kọ́ tàn wọ́n ni a ń kó àga tó bá kán sí. Bàbá rẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé kọ̀ǹpútà míṣọ̀n yín dà, n kò lè dá wọn lóhùn. Wọ́n ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ìbéèrè yẹn sì wà lọ́rùn mi títí dòní.

Ohun tí mo ń sọ, pé ènìyàn ni kó ṣáájú ẹ̀rọ, kì í ṣe tuntun. Míṣọ́nnárì Henry Townsend kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta ní 1854. Ìwé Ìròyìn tó fi ẹ̀rọ náà tẹ̀ kò jáde títí di oṣù Kejìlá 1859. Láàárín ìgbà yẹn, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú níṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá. Ní Kafanchan lókè níhìn-ín, John Dada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Fantsuam Foundation sílẹ̀ ní 1996. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ níṣẹ́ débi pé wọ́n lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí kò nílò wáyà kalẹ̀ fún ìlú tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kò kà sí.

Ó yẹ kí o rántí Galadimawa, torí o ṣì wà níbí nígbà yẹn. Nicholas Negroponte, tó gbé láptọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé jáde fún àwọn ọmọ iléèwé, ní kò ní ju 100 dọ́là lọ, ìjọba Ọbásanjọ́ sì ṣèlérí pé àwọn yóò ra mílíọ̀nù kan. Ní 2007, bíi 300 dé iléèwé Galadimawa, inú gbogbo wa dùn. Lọ́dún náà gan-an ni ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn ọmọ iléèwé kan l'Ábújá ń fi láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fún wọn wo ìhòòhò. Mílíọ̀nù kan náà kò dé mọ́. N kò dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ẹ̀rọ ló dé kí àgbà tí yóò jókòó tì í tó dé.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí, mo sì mọ̀ pé o máa ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Fi kọ̀ǹtéénà sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó kún gáréèjì rẹ, ṣa láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá tó jẹ́ oríṣi kan náà, kí ẹ̀yà ọ̀kan lè wúlò fún èkejì bí ó bá bàjẹ́. Má kó àwọn tí a ń gbé sórí tábìlì wá; iná ni wọ́n ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá tí ṣájà wọn jẹ́ wáàtì 65 kò ní ju wáàtì 650 lọ, sólà àti inverter lè gbé ìyẹn. O ò tíì gbé Nàìjíríà láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500. Kò sí míṣọ́nnárì abúlé tó lè máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́. Nu gbogbo ohun tó wà nínú wọn kúrò kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, torí àṣírí àwọn tó fún ọ wà níbẹ̀.

Má sì dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ètò bíi Kolibri àti Kiwix wà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gbé ìwé àti ẹ̀kọ́ fún gbogbo àwọn tó kù láìsí dátà. Cliff Missen tó kọ́ni ní Yunifásítì Jos rí ìyà íntánẹ́ẹ̀tì wa níbẹ̀, ló fi dá iṣẹ́ eGranary sílẹ̀, ilé ìkàwé ńlá tí a ń kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ náà lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan lè wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ béèrè pé ṣé wọn yóò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ kí orúkọ ilé wa wà nínú ohun tí a fi ń dẹ ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá rí i pé a fẹ́ràn wọn, wọn yóò bi wá nípa Olúwa wa.

Má yá owó báńkì. Ìyàwó rẹ kò fẹ́ ẹ, òótọ́ ló sì sọ. Abúlé kan péré ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí èmi lè fi ọkọ̀ dé láti Garki, torí èmi ni yóò máa lọ wò ó. Ọ̀dọ́ kan wà ní abúlé Garki tó ti parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní Area 10, mo ti bá a sọ̀rọ̀, mo sì ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ wá owó oṣù rẹ̀ fún ọdún méjì. Bí o bá rí i, fi àwọn mẹ́wàá náà ránṣẹ́, èmi yóò gbà wọ́n. Bí o kò bá rí i, má kó ẹ̀rọ kankan wá. Fún mi lésì kó tó di Kérésì.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Garki.