Ẹ̀RỌ ÀTI ẸRAN INÚ ILÉ

Nínú agboolé wa ní ilẹ̀ Kétu, ewúrẹ́ ń bẹ, adìẹ ń bẹ. Ẹ̀rọ náà ti wọ àárín wọn: alùpùpù ń bẹ, ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ń bẹ. Ta ni kó kọ́gbọ́n, ẹran ni àbí ẹlẹ́rọ?

Ẹ jẹ́ ká wo òkè òkun. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í dì mú. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Irú kan ń gé koríko. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì sọ bí wọ́n ṣe dán oríṣi 18 wò. Wọ́n gbé òkú ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan sí ojú ọ̀nà wọn. Bí ẹ̀rù bá ba ẹranko yìí, ó sábà máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi ìgbà tó fara kàn án. Àwọn kan tiẹ̀ gé e.

Irú kejì ń fún wàrà màlúù. Ilẹ̀ Họ́láǹdì ni àwọn àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ lò ó, ní 1992. Ẹ̀rọ náà ń bu oúnjẹ fún màlúù, nítorí náà màlúù ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Bó bá yí ara, apá ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e.

Ẹ ò rí i pé ó jọ ti Fúlàní? Òun náà á kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ màlúù mu díẹ̀, kí ìyá tó sọ wàrà sílẹ̀. Ẹni tó mọ ìwà ẹran ló ń bá ẹran gbé.

Ó dáa, ẹ padà sílé. Kí ló ń pe adìẹ sídìí ẹ̀rọ? Àgbàdo tó dà sílẹ̀ ni. Ọmọdé á sáré lé adìẹ, ọwọ́ rẹ̀ á kó sínú ẹ̀rọ. Adìẹ ṣeé rà lọ́jà, ọwọ́ ọmọ kò ṣeé rà. Nítorí náà:

1. Ẹ gbá àgbàdo tó bá dà sílẹ̀.
2. Ẹ fi pákó bo okùn rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ.
3. Ẹ fi ọparun ṣọgbà yí ibẹ̀ ká.
4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ kí ẹ tó tan án.

Ẹran kò lè kàwé. Àwa tí a kàwé ni kí á ṣọ́ra.

Ẹ DÁHÙN
Kí ló mú màlúù wọlé fúnra rẹ̀?
Nínú agboolé yín, ẹ̀rọ wo ló léwu fún ẹran àti ọmọdé? Kí ni ẹ máa ṣe sí i lọ́la?