Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Ọ̀rọ̀ Ìwà àti Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń sọ ìwà ènìyàn, àti èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Kì í ṣe pé a fẹ́ máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fáàrí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n máa ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá. Ọmọ aládùúgbò ń wá iṣẹ́, ó ní kí ẹ jẹ́rìí ìwà òun. Ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ yá owó, ó ní kí ẹ ṣe onígbọ̀wọ́ òun. Ọmọọṣẹ́ yín parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé tí yóò mú lọ sí ibòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà kì í sì í ju ìlà méjì lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ bá ṣì lò níbẹ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì lè kó ẹ̀yin fúnra yín sí gbèsè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́. Èyí tí a fi yíǹkì kọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú fáìlì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

1. ÌWÀ TÍ GBOGBO AGBANISÍṢẸ́ Ń WÁ

"Honest" ni olóòótọ́. A kì í pe "h" tó ṣáájú rẹ̀, bí ẹni pé "o" ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "an honest man", tí a kì í sọ pé "a honest man". Ènìyàn ni "honest". Ìwà náà fúnra rẹ̀ ni "honesty". Nítorí náà, "He is honest" ló tọ̀nà. "He is honesty" kò tọ̀nà rárá.

Ọ̀rọ̀ "honesty" yìí kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an. Ní ọdún 1995, nígbà tí àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé pàdé ní ìlú Manchester, wọ́n kọ ìwà mẹ́rin sílẹ̀ tí ó yẹ ọmọ ẹgbẹ́. Òun ló ṣáájú: "honesty" ni òtítọ́ ṣíṣe. "Openness" tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé kí a má fi nǹkan bò. Ẹ̀kẹta ni "social responsibility", kí a mọ ẹ̀tọ́ wa sí àwùjọ. Ẹ̀kẹrin ni "caring for others", kí a máa ro ti ẹlòmíràn mọ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ kún un. "Reliable" ni ẹni tó ṣe é gbára lé: bó bá ní òun ń bọ̀, yóò wá. "Punctual" ni ẹni tí í dé lásìkò. "Careful" ni ẹni tí í fara balẹ̀ ṣe nǹkan. "Patient" ni onísùúrù. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tó wá gba ìtọ́jú.

"Hard-working" ni aláápọn. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín o! "She works hard" túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n "She hardly works" túmọ̀ sí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ò rí nǹkan! Lẹ́tà méjì péré ló sọ aláápọn di ọ̀lẹ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọlúàbí? Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbé gbogbo rẹ̀. "Gentleman" kò tó, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń fi pè. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀: "honest", "respectful", "well-mannered". Ìyẹn ni olóòótọ́, ẹni tí í bọ̀wọ̀ fúnni, ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé.

2. Ọ̀RỌ̀ TÓ JỌRA, TÍ Ọ̀KAN YIN NÍ, TÍ ÈKEJÌ BÚ NI

"Thrifty" àti "stingy". Ọ̀rọ̀ "thrift" wà lára orúkọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bíi tiwa: "Thrift and Credit Society", "Thrift and Loan Society". Ẹni tí kì í náwó ní ìnákúnàá, tó ń fi díẹ̀ pamọ́ nínú ohun tó bá rí, òun ni "thrifty". Alájẹṣẹ́kù tí à ń pe ara wa gan-an ló jẹ́ bẹ́ẹ̀: ó jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. "Stingy" ni ahun: owó wà lápò rẹ̀, ebi ń pa ọmọ rẹ̀. "Credit" náà, láti inú èdè Látìn ló ti wá, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a gba ènìyàn gbọ́. Nítorí náà, kí á tó ka owó fún ẹnikẹ́ni, ìwà rẹ̀ la kọ́kọ́ ń kà.

"Clever" àti "cunning". "Clever" ni ẹni tí orí rẹ̀ pé. "Cunning" ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, alárékérekè, bíi ti ìjàpá. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "My apprentice is very cunning", ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wá ibi tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ̀ pamọ́ sí.

"Firm" àti "stubborn". "Firm" ni adúróṣinṣin. "Stubborn" ni olóríkunkun, tí kò gba ìmọ̀ràn.

"Confident" àti "arrogant". "Confident" ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun lè ṣe é. "Arrogant" ni agbéraga.

"Famous" àti "notorious". Àwọn méjèèjì ló ní òkìkí, ṣùgbọ́n òkìkí burúkú ni ti "notorious". Ògbólógbòó olè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi pe oníṣòwò ńlá láéláé.

Ẹ kíyè sí "simple" pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ní ènìyàn jẹ́ "simple", a ní ara rẹ̀ yá mọ́ni, kò gbéra ga. Ṣùgbọ́n létí òyìnbó, ó lè túmọ̀ sí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n. "Humble", ìyẹn onírẹ̀lẹ̀, ni kí ẹ kọ.

3. Ọ̀RỌ̀ IṢẸ́

"Employer" ni ẹni tó gbani síṣẹ́. "Employee" ni ẹni tí wọ́n gbà. "Applicant" ni ẹni tó ń wá iṣẹ́ náà. "Wages" ni owó iṣẹ́ tí à ń gbà lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀. "Salary" ni owó oṣù. "Probation" ni àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò kí iṣẹ́ tó di tirẹ̀. "Promotion" ni ìgbéga.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn pọ̀, ó sì yẹ ká mọ̀ wọ́n yàtọ̀. "He resigned": òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. "He retired": ó fẹ̀yìn tì. "He was retrenched": wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù nítorí owó kò tó, kò ṣẹ̀ wọ́n. "He was dismissed": wọ́n lé e nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ní ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun dín òṣìṣẹ́ ìjọba kù ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ "retrench" wọ ọ̀pọ̀ ilé, títí kan ibi tí wọn kì í ti í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá wá kọ "dismissed" sí ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ti ka ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá sí i lọ́rùn. "Sack" tí à ń sọ ní ìgboro kò ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé.

4. TA NI Ẹ FẸ́ JẸ́ LÓRÍ FỌ́Ọ̀MÙ NÁÀ?

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí.

"Witness": ẹ jẹ́rìí pé ìṣojú yín ni ẹnì kan ṣe fọwọ́ sí i.
"Referee": ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa ìwà rẹ̀. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan.
"Guarantor": ẹ gbà láti san owó náà bí ẹni tó yá a kò bá san.

Ẹlẹ́rìí rí i, ẹni kejì sọ̀rọ̀, onígbọ̀wọ́ sanwó. Bí wọ́n bá ní "Ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí i ni", ẹ sọ pé kí wọ́n kà á sétí yín ná.

5. BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́

"I have known the applicant for six years. She was my apprentice. She is honest and punctual. She opened my shop at seven every morning and kept the sales book, and the money always agreed with the book."

Ìtumọ̀: Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ ẹni tó ń wá iṣẹ́ yìí. Ọmọọṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Olóòótọ́ ni, kì í sì í pẹ́ dé. Òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní aago méje láràárọ̀, òun ló ń kọ ìwé ọjà títà, owó àti ìwé kì í sì í yàtọ̀ síra.

Ọ̀rọ̀ ìwà méjì péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ó sàn ju kí a to ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́wàá jọ láìsí ẹ̀rí kan.

Bí ìwà ẹni náà bá kù díẹ̀ káàtó ńkọ́? Bí ó bá ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹ kọ "She is skilful", kí ẹ má fẹnu kan "punctual". Bí kò bá sì sí ire kan tí ẹ lè fi ọkàn mímọ́ kọ, ẹ fi sùúrù dá fọ́ọ̀mù náà padà. Ojú lè ti yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké á máa tẹ̀ lé yín káàkiri.

IṢẸ́ ṢÍṢE

(1) Ó ń tọ́jú owó rẹ̀, kì í sì í ṣe ahun: "He is ______."
(2) Ìyá yìí ń ṣiṣẹ́ kára: "She works ______."
(3) Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ó kàn án: "He was ______."
(4) Ẹni tí yóò san gbèsè bí ẹni tó yá owó kò bá san: "the ______".

Ìdáhùn: (1) thrifty, (2) hard, (3) retrenched, (4) guarantor.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí han àwọn ọmọ yín àti àwọn ọmọọṣẹ́ yín. Ó di oṣù tó ń bọ̀. Ire o.