Ẹ Má Fi Pátákó Kọ́ Wọn Níwà Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ níbùdó ìkọ́ṣẹ́, bí a ṣe ń gé aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mọ ìyẹn. Ìwà iṣẹ́ ni.

Láti 1986 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá NDE, àjọ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá kiri ilẹ̀ yìí. Ní Òmùò-Èkìtì níbí, láti Kota dé Òmùò-Òkè, ẹni tó mọ aṣọ rán kò wọ́n. Èyí tí oníbàárà á tún padà wá bá ló wọ́n. Irọ́ ló fà á. "Ó ku bọ́tìnnì nìkan, mà," sísọ́ọ̀sì ò sì tíì kan aṣọ.

Ẹ má kọ "òótọ́ sísọ" sára pátákó kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín máa dà á kọ. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ ju tiyín lọ. Ẹ mú méjì síwájú. Kí ọ̀kan ṣe oníbàárà tó fẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀ ní Sátidé. Kí èkejì ṣe télọ̀ tó rí i ní Ọjọ́bọ̀ pé kò ní í lè parí rẹ̀. Ẹ ní kó pè é lórí fóònù nísinsìnyí, lójú gbogbo wọn. Ẹnu á wúwo! Á kọ́kọ́ máa bú àwọn oníná. Ẹ dá a dúró, kó tún un sọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí aṣọ á yá gan-an, ohun tó máa ṣe láti fi tu oníbàárà lójú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà, torí ìgbà tí wọ́n bá já òun náà kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á tó yé e.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó jù yín lọ wí, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́" kì í dín ipò olùkọ́ kù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kẹ́ ẹ sì tètè máa dé. Olùkọ́ tó ní kí wọ́n wá laago mẹ́jọ tó wá yọjú ní mẹ́sàn-án, kí ló fẹ́ sọ nípa àdéhùn?

Àwọn kan ní àbínibí nìwà iṣẹ́, pé a kì í kọ́ àgbà níwà. N ò gbà. Ní Lomé, ní Tógò, lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí pín oníṣòwò kéékèèké 1,500 sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ 500 ní ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbi gbogbo. Wọ́n kọ́ 500 ní ìdánúṣe: kéèyàn máa wo iwájú, kó má dúró de ẹni tí yóò rán an, kó má tètè juwọ́ sílẹ̀. Wọn ò kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan kan. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì, èrè àwọn tó kọ́ ìdánúṣe fi bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan lọ. Ti àwọn oníṣirò fi bí 11 péré jù ú. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn kíláàsì, àwọn olùkọ́ ń tọ̀ wọ́n lọ sẹ́nu iṣẹ́ lóṣooṣù fún oṣù mẹ́rin.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn fíríìdọ̀ọ̀mù, ẹ máa yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn, kẹ́ ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àdéhùn sí. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá kò bá bá ọjọ́ tí aṣọ jáde mu, ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lákọ̀tun.