Ẹni Tó Gbé Ìbọn Lé Ọ Lọ́wọ́ Kò Fẹ́ràn Rẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ Háítì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má sọ pé kí ló kan Yorùbá kan Háítì. Nígbà tí àwọn Faransé ń kó ẹrú lọ sí erékùṣù yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ káàárọ̀-oò-jíire wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Vodou ṣì ń bọ Ògún. Ogou ni wọ́n ń pè é, ìdílé Nàgó ni wọ́n sì kà á mọ́. Àwọn ẹrú erékùṣù yẹn àti àwọn ọmọ wọn ló dìde ní 1791, tí wọ́n gbéná wojú Faransé títí wọ́n fi gba òmìnira ní 1804. Ẹ̀jẹ̀ wa wà nílẹ̀ yẹn. Ohun tó dé bá wọn kì í ṣe ohun tí a lè gbọ́ ká dágunlá.

Port-au-Prince ni olú-ìlú wọn. Àwọn jàǹdùkú oníbọn ló di èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà mú. Ní 2024 nìkan, àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà pé wọ́n pa lé ní 5,600. Nígbà tí 2025 fi máa wọlé, àwọn tó ti sá fi ilé wọn sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo èrò orílẹ̀-èdè náà kò ju bíi mílíọ̀nù 12 lọ. Àwọn abiyamọ ń tẹ́ ẹní sùn ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti di ibùdó àwọn tí ìbọn lé kúrò nílé.

Ẹ má rò pé òru ọjọ́ kan ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá ló kọ́kọ́ gbé ìbọn fún ọmọ tálákà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti kọ́gbọ́n.

François Duvalier di ààrẹ ní 1957. Kò fọkàn tán àwọn sọ́jà, ló bá dá àwọn agbébọn tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Tonton Macoute. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gba owó oṣù. Ìbọn ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹun: ohun tí wọ́n bá fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á gbà á, kò sì sí ẹni tó tó bi wọ́n. Ìdílé Duvalier kúrò lórí oyè ní 1986, àmọ́ àṣà yẹn kò bá wọn lọ. Jean-Bertrand Aristide tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká ní 1995. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ oníbọn tún jáde láti àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ń jà fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, olóṣèlú tó bá fẹ́ ìbò àdúgbò mẹ̀kúnnù bíi Cité Soleil mọ olórí ọmọ ìta tó yẹ kóun lọ bá. Olówó tó ń kó ẹrù wọlé ń háyà wọn kí wọ́n máa ṣọ́ ọjà rẹ̀. Ní 2022, ìjọba Kánádà gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní àwọn olóṣèlú àti ọlọ́rọ̀ Háítì mélòó kan, Michel Martelly tó ti ṣe ààrẹ rí sì wà lára wọn. Kánádà ní wọ́n ń ti àwọn jàǹdùkú lẹ́yìn.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nígbà tí ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, wọn kò nílò ọ̀gá mọ́. Jimmy Chérizier, ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Ní 2020 ó kó ẹgbẹ́ jàǹdùkú mẹ́sàn-án jọ, wọ́n pe ara wọn ní G9. Ní 2022 wọ́n dí Varreux, ibùdó ńlá tí epo ń gbà wọ orílẹ̀-èdè náà. Fún nǹkan bí oṣù méjì, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kò rí epo mu, omi mímu di ọ̀wọ́n, àrùn onígbá-méjì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn.

Ẹ wo ọ̀nà Martissant, títì tó so olú-ìlú mọ́ gbogbo apá gúúsù. Láti oṣù kẹfà 2021 ni àwọn oníbọn ti gbà á. Awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá á kọ́kọ́ sanwó fún wọn. Wọ́n lè gbowó tán kí wọ́n tún yìnbọn lu ọkọ̀ náà, tàbí kí wọ́n wọ́ èrò inú rẹ̀ lọ, kí wọ́n ní kí ẹbí wá fowó rà wọ́n padà. Àgbẹ̀ kórè, kò rí ọ̀nà gbé e wá sọ́jà. Ebi ń pa ará ìlú, kò rí oúnjẹ rà.

Ìjọba ńkọ́? Ní oṣù keje 2021, àwọn agbanipa wọlé tọ Ààrẹ Jovenel Moïse nínú yàrá rẹ̀, wọ́n pa á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dìbò kẹ́yìn, nítorí náà nígbà tí sáà àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù parí ní oṣù kìíní 2023, kò ku ẹnì kan ṣoṣo lórí oyè tí ará ìlú fi ìbò yàn. Ní ìparí oṣù kejì 2024, Olóòtú Ìjọba Ariel Henry lọ sí Kẹ́ńyà láti lọ tọwọ́ bọ̀wé kí ọlọ́pàá wọn lè wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Kó tó padà, àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú tí wọ́n ti ń para wọn ti di ọ̀kan, wọ́n ń jẹ́ Viv Ansanm. Wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 4,000 sì bọ́ sí ìgboro. Wọ́n yìnbọn lu pápákọ̀ òfurufú, bàálù kò lè balẹ̀ mọ́. Olórí ìjọba kò rí ọ̀nà wọ ìlú tirẹ̀. Puerto Rico ló balẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti kéde pé òun máa fipò sílẹ̀. Ọlọ́pàá Kẹ́ńyà dé ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àmọ́ wọn kò pọ̀ tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Oṣù kejìlá 2024 ni èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀. Ní Wharf Jérémie, nínú Cité Soleil, àìsàn ń ṣe ọmọ olórí àwọn jàǹdùkú àdúgbò náà. Ó ní àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe ẹ̀sìn Vodou ló fi oògùn mú un. Ó pàṣẹ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kiri, wọ́n ń wọ́ bàbá àgbà àti ìyá àgbà jáde. Èèyàn 207 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní wọ́n pa láàárín ọjọ́ mélòó kan, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n dáná sun òkú àwọn kan, wọ́n da ti àwọn mìíràn sínú òkun. Ìdílé wọn kò rí òkú sin. Ẹ̀sìn tí ọ̀nà rẹ̀ kan wá láti ilé Ògún tiwa ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pa wọ́n. Ibi tí ọmọ oníbọn ti lè wọ́ ìyá àgbà jáde sí gbangba, tí kò sí agbófinró tí èèyàn lè ké sí, ìlú ti tán níbẹ̀.

Ta wá ni àwọn ọmọ oníbọn yìí? UNICEF sọ pé nínú 100 wọn, bíi 30 sí 50 jẹ́ ọmọdé. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí ọmọ dúró sí ìkóríta kó máa ṣọ́ ọlọ́pàá. Tó bá yá, á máa jíṣẹ́, á máa gbé ẹrù. Ọmọbìnrin á máa dáná fún wọn, ojú rẹ̀ á sì rí màbo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ebi ló lé àwọn kan débẹ̀; wọ́n fi ikú àwọn òbí halẹ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń rọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní Háítì. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, pàápàá Florida, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹtẹ́nà ṣe fàyàwọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò rówó oúnjẹ àárọ̀, ta ló ra ìbọn fún un? Ẹni yẹn gan-an ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Ẹlòmíràn nínú yín lè sọ pé kí wọ́n kàn dáná sun àwọn jàǹdùkú náà. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2023, ní Canapé-Vert, ará àdúgbò já afurasí tó lé ní mẹ́wàá gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Bwa Kale ni orúkọ tí wọ́n fún un, ó sì tàn kálẹ̀. Ìjínigbé dínkù fún ìgbà díẹ̀, ló bá tún padà. Mo mọ ìrora tó sún wọn dé ibẹ̀. Àmọ́ iná táyà kò mọ olè yàtọ̀ sí aláìṣẹ̀, ọwọ́ tó bá sì ti mọ́ èèyàn lára láti máa pànìyàn kì í tètè ṣíwọ́.

Àwa náà ti tọ́ ọ wò níbí. Lẹ́yìn ìdìbò 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú ń da epo bẹntiróò sí ilé àti ara èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kìíní 1966, sọ́jà gba ìjọba. Títí di òní, bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, ẹ ṣáà ń rí àwọn tó ń wá ọmọ àdúgbò kiri, tí wọ́n ń pín owó, ọtí àti igbó fún wọn.

Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọmọ mi, má bú wọn, má sì bá wọn jà. Bi wọ́n léèrè pé, “Bàbá, ọmọ tiyín ńkọ́? Ṣé òun náà ń bá wa lọ?” Ìdáhùn wọn á là ọ́ lójú. Owó yẹn, adìẹ ìrànà ni, kì í ṣe ohun à jẹ gbé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti wọ ẹgbẹ́ wọn, má tì í lójú. Wá ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀ tàbí lémọ̀ọ́mù tó lè bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá a wá ibi tó ti lè kọ́ṣẹ́, nítorí ìyànjú lásán kì í kún inú. Ẹ̀yin tó ti tó ìbò dì, ẹ gba káàdì yín, kí ẹ sì dìbò fún ẹni tí kò rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ikú. Níbi ìpàdé àdúgbò, tí ẹ bá gbọ́ pé ká máa dáwó fún ọmọ ìta kí wọ́n máa ṣọ́ wa, ẹ dìde kí ẹ ní rárá. Ẹni tí a sanwó fún lónìí pé kó má jà wá lólè, òun ni yóò máa bu owó orí lé wa lọ́la.

Kí Ọlọ́run tu àwọn ará wa ní Háítì nínú, kó sì dá ilé wọn padà fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlú ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ara yín fún ẹnikẹ́ni.