PÒTÉTÒ TÓ GBẸ DÁADÁA LÁÌDA ÒRÓRÓ KÚN AGBADA

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí jẹ mọ́ ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ó kan àpò owó wa pẹ̀lú.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọmọ fẹ́ràn pòtétò díndín. Àmọ́ ìyá tó bá fẹ́ dín kílò 1 nínú agbada, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè da òróró lítà 1 sí i kí ó tó bò ó. Òróró kì í sì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Kí ó má baà ṣòfò, ọ̀pọ̀ nínú wa a gbé e pamọ́, a ó tún fi dín ẹja, a ó tún fi dín dòdò, títí yóò fi dúdú, tí yóò máa rú èéfín. Òróró tó ti dà báyìí kò ṣe ara lóore mọ́. Ìdí rèé tí a fi fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yan pòtétò nínú ófùn pẹ̀lú òróró ṣíbí 3 péré, tí yóò sì máa dún lẹ́nu.

KÍ LÓ Ń MÚ PÒTÉTÒ GBẸ?

Ọ̀pọ̀ rò pé òróró púpọ̀ ni. Rárá o. Híhó tí agbada máa ń hó yàà nígbà tí a bá da pòtétò sí i, omi inú pòtétò ló ń jáde. Nínú kílò 1 pòtétò, omi ibẹ̀ máa ń sún mọ́ gíráàmù 800. Ìgbà tí omi bá kúrò lára rẹ̀ lóde ló tó ń gbẹ. Iṣẹ́ òróró ni láti gbé ooru lọ bá a. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń lé omi, òróró díẹ̀ tó o.

ÈWO NI KÁ RÀ, ÈWO NI KÁ DÀNÙ?

Ìpínlẹ̀ Plateau ni púpọ̀ nínú pòtétò wa ti ń wá, láti Bokkos, Mangu àti agbègbè Jos, torí pé ibẹ̀ tutù. Èyí tó gbó, tí èèpo rẹ̀ le, ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá fi àtàńpàkò ra á tí èèpo bá ń bó, kò tíì gbó, omi rẹ̀ ṣì pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Pòtétò tí oòrùn tàbí ìmọ́lẹ̀ bá ń tàn sí lára máa ń di aláwọ̀ ewé. Májèlé kan máa ń pọ̀ nínú irú rẹ̀, ó sì máa ń korò. Sísè kò lè pa májèlé náà, díndín kò lè pa á. Ó lè fa inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Tó bá jẹ́ ojú kékeré kan ló yí padà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kó jìn. Tó bá ti ràn káàkiri, tàbí tó ti hù gan-an, ẹ dà á nù. Ẹ má tà á ní gbàǹjo fún ẹni tí kò mọ̀. Owó tó bọ́ lọ lè padà wá, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ọmọ rẹ̀ bá tibẹ̀ ṣàìsàn kò ní í padà.

Ibi tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni ká kó o sí. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì, torí òtútù a máa sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, yóò sì tètè dúdú lórí iná.

OHUN TÍ A Ó LÒ

Pòtétò kílò 1, òróró ṣíbí ìjẹun 3, fínígà ṣíbí 1, tó bá wà, iyọ̀ díẹ̀, ata gígún fún ẹni tó bá fẹ́.

BÍ A ÓÒ ṢE ṢE É

1. Ẹ bó o, kí ẹ gé e gbọọrọ, kó nípọn bí ìka ọmọńdinrín. Kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kí kan má baà jóná kí èkejì tó jinná.

2. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi náà á funfun bí omi ògì. Sítáàṣì nìyẹn. Ẹ dà á nù, kí ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kó má baà lẹ̀ mọ́ra.

3. Ẹ gbé omi mìíràn kaná, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti fínígà sí i. Bó bá hó, ẹ da pòtétò sí i fún ìṣẹ́jú 5. Fínígà ni kì í jẹ́ kó fọ́.

4. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ooru rẹ̀ jáde, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ún gbẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

5. Ẹ ti tan ófùn sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kó gbóná dé 220°C, ìyẹn nọ́ńbà 7 lára ti gáàsì. Ẹ gbé tíréè òfìfo sínú rẹ̀ kí òun náà gbóná.

6. Ẹ fi òróró pa pòtétò lára, ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tò ó lé ara wọn. Bó bá fún pọ̀, ooru omi á sé mọ́ ọn, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀. Ó sàn kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

7. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ yí i padà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 sí i. Bó bá ti pọ́n bíi wúrà, ẹ gbé e jáde. Ẹ má jẹ́ kó dúdú.

8. Ìgbà tó bá jáde ni kí ẹ tó wọ́n iyọ̀ àti ata sí i. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, torí tí a bá dé e mọ́lẹ̀, á rọ̀.

ẸNI TÍ KÒ NÍ ÓFÙN Ń KỌ́?

Ẹ lo ìkòkò irin àtijọ́ tó nípọn, bí àwọn tó ń ṣe kéèkì nílé ti máa ń ṣe. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ to agolo òfìfo lé e, ẹ dé e pa, kó gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé tíréè kékeré lé agolo náà. Ó máa pẹ́ ju ti ófùn lọ, ẹ ó sì yí i padà léraléra. Kò ní í pọ́n tó ti ófùn, ṣùgbọ́n á gbẹ.

Ká sọ òótọ́, gáàsì náà lówó lórí. Ẹni tó bá tan ófùn fún tíréè kan péré, èrè òróró lè bá gáàsì lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan ẹja tàbí adìẹ ni kí ẹ yan pòtétò mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Kí ló dé tí pòtétò tó fún pọ̀ lórí tíréè kì í gbẹ?
2. Kí la ó ṣe sí pòtétò tó ti di aláwọ̀ ewé nínú ìsọ̀ wa?
3. Ẹ ṣírò iye òróró tí ẹ ń fi dín nǹkan lóṣù kan. Èló lẹ lè mú kúrò níbẹ̀?

Ẹ dán an wò, kí ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí. Àtàjẹrè o!